Fèrè Rélùwéè, Títì, àti Àwa Tá À Ń Fẹsẹ̀ Rìn: Ìrírí Mi Nídìí Ìwé Ètò Ìrìnnà

Tí wọ́n bá gbé ìwé ètò ìrìnnà ìlú wá sí àdúgbò yín pé kẹ́ ẹ kà á kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ti àwọn ẹnjiníà nìyẹn. Tíṣà jọ́gíráfì ni mí, iléèwé sẹ́kọ́ńdírì ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ, mi ò kọ́ṣẹ́ títì ṣíṣe rí, àmọ́ èmi náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù àdúgbò wa níbí lápá Mọ́níyà n'Ìbàdàn, nígbà tí ìwé yẹn sì dé, Bàbá Alága kàn gbé e lé mi lọ́wọ́ ni, wọ́n ní "Ìyá Akọ̀wé, ẹ bá wa kà á o, ẹ̀yin lẹ mọ máàpù." Ìwé ọ̀hún nípọn, máàpù kún inú ẹ̀ bámúbámú, ìlà pupa, ìlà búlúù, ibi tí wọ́n fẹ́ fẹ títì sí, ibi tí wọ́n fẹ́ fi bọ́sítọ́ọ̀pù sí, ibi tí títì ti gba orí ojú irin kọjá, wọ́n sì ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan kọ èrò tiẹ̀ padà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ohun tí mo rí kọ́ nídìí ẹ̀ ni mo fẹ́ kọ síbí, bóyá ó máa wúlò fún ẹlòmíì tí irú ẹ̀ bá kàn.

Nígbà tá a kọ́kọ́ ṣèpàdé lórí ẹ̀, ohun méjì péré ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn: kí wọ́n da ọ̀dà sí títì wa, kí rélùwéè sì yéé fọn fèrè lóru. Ti ọ̀dà yẹn ò la àríyànjiyàn lọ, gbogbo wa la fẹ́ ẹ. Ti fèrè ló le. Ẹ mọ̀ pé ojú irin tuntun tó ti Èkó wá, èyí tí Ààrẹ Buhari ṣí ní June 10, 2021, tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 157, ọ̀dọ̀ wa níbí ló parí sí, ní stéṣọ̀n Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́lé síhìn-ín, oko ni wọ́n bá níbẹ̀, torí pé ó tura ni wọ́n ṣe ra ilẹ̀ síbẹ̀. Ìyá àgbà kan tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru dìde, wọ́n ní tí fèrè yẹn bá ti dún lóru, àyà àwọn á máa lù fùkẹ̀fùkẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìyàwó kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní òun á rẹ ọmọ títí, ọmọ á sùn, fèrè á dún, ó tún di ìgbà yẹn. Bọ̀dá kan wá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn pé kí ló dé, ṣé ariwo gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí àti jẹnẹrétọ̀ ò tíì tó yín ni tó fi jẹ́ ti rélùwéè lẹ rí sọ? Inú bí ìyá yẹn gan-an, wọ́n fẹ́ẹ̀ bá a jà.

Èmi ò rò pé ó yẹ ká fi ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ṣeré rárá. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìwé kan jáde lọ́dún 2018 fún ilẹ̀ Yúróòpù lórí ariwo, wọ́n ní tí wọ́n bá ṣírò ariwo rélùwéè kárí òru, kò yẹ kó kọjá dẹ́síbẹ̀lì 44 (dẹ́síbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó) níta ilé táwọn èèyàn ń sùn sí, torí pé tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ ó ń ba oorun jẹ́. Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé òfin ló wà fún fèrè ọkọ̀ ojú irin, ohùn ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín dẹ́síbẹ̀lì 96 sí 110 níwájú ọkọ̀. Lóòótọ́ ìwọ̀n méjèèjì yìí kì í ṣe irú kan náà, ìkan jẹ́ ti gbogbo òru, ìkan jẹ́ ti ìṣẹ́jú àáyá tí fèrè ń dún, àmọ́ ẹni tí yàrá ẹ̀ kọjú sí ojú irin ò nílò kẹ́nì kankan ṣírò fún un kó tó mọ ohun tó ń jí òun. Nítorí náà mi ò sí lára àwọn tó ń sọ pé ká gbé e mọ́ra. Ohun tí mo sọ nípàdé ni pé ká má tíì kọ lẹ́tà, kí n kọ́kọ́ lọ dúró níbi tí fèrè yẹn ti ń dún ná.

Òwúrọ̀ kùtù ni mo lọ, kí n tó lọ síléèwé. Ojú irin méjì ló wà níbi tí títì ti gbà á kọjá yẹn, ìkan fún ọkọ̀ tó ń lọ, ìkan fún èyí tó ń bọ̀. Bàbá tí wọ́n ń ṣọ́ ibẹ̀ ní àga onígi kan lábẹ́ páànù, wọ́n ní àsíá pupa àti aláwọ̀ ewé tí wọ́n ká mọ́ igi, tọ́ọ̀ṣì ńlá kan, fóònù kékeré tí wọ́n fi rọ́bà dè kó má baà tú, àti irin gígùn kan tí wọ́n máa ń fà dí títì tí ọkọ̀ bá ń bọ̀. Mo kí wọn, ẹ kú iṣẹ́ o Bàbá, mo sọ ẹni tí mo jẹ́ àti ohun tó gbé mi wá. Wọ́n wò mí títí. "Ẹ̀yin lẹ fẹ́ kí wọ́n yéé fọn fèrè, mà?" Mo ní àdúgbò ló ní kí n wá wo bó ṣe rí ná. Wọ́n ní ó dáa, kí n wò ó dáadáa, kí n sì bi àwọn ní aago tí àwọn ń lọ sílé. Mo bi wọ́n. Wọ́n ní tí ilẹ̀ bá ti ṣú, àwọn ti lọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn, irin yẹn á wà ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì, tọ́kọ̀ ẹrù bá sì fẹ́ kọjá lóru, fèrè yẹn nìkan ló wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló yí gbogbo ohun tá a fẹ́ kọ padà. Òru tá a ní kí fèrè dákẹ́, òun gan-an ni àsìkò tí kò sí géètì, kò sí iná, kò sí èèyàn, kò sí nǹkan kan. Bí ìgbà téèyàn bá ní kí ajá yéé gbó nígbà tí kò tíì ra kọ́kọ́rọ́ sẹ́nu ọ̀nà ni. Mo wá rí i pé ẹjọ́ méjì tá a gbé kalẹ̀, ariwo lọ́tọ̀, ààbò lọ́tọ̀, ẹjọ́ kan ṣoṣo ni. Fèrè yẹn ń dún tó bẹ́ẹ̀ torí pé òun nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí géètì, iná àti èèyàn máa ṣe.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ́, mo sì tún ń padà lọ, torí pé ohun tí mò ń rí ò sí nínú ìwé wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Máíkírà ná, mọ́tò kékeré tí wọ́n fi ń ṣe takisí n'Ìbàdàn. Títì tó wọ ojú irin yẹn ti jẹ, ọ̀dà tó wà láàárín irin àti irin ti kúrò, òkúta wẹ́wẹ́ ti yọ síta, irin wá ga ju ilẹ̀ lọ. Tí Máíkírà tó kó èèyàn kún bá débẹ̀, dírẹ́bà á dẹ ọwọ́ ẹ̀, á yọ́ táyà kan lé irin, abẹ́ ọkọ̀ á ha gàrà, á yọ́ èkejì lé e. Ẹ wá wo ojú dírẹ́bà yẹn: ilẹ̀ ló ń wò. Gbogbo làákàyè ẹ̀ wà lórí kò mà gbọdọ̀ fọ́ sánpù, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, àwọn èrò inú ọkọ̀ ń bá a sọ̀rọ̀ sísẹ̀ǹjì. Ìgbà míì ọkọ̀ á kú sórí irin gan-an, àwọn ọmọ tó ń lọ síléèwé á ràn án lọ́wọ́ tì í kúrò. Kò sí nínú ìwé ètò yẹn pé ihò tó wà lórí ojú irin léwu ju ihò tó wà ní títì lọ, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n kó pọ̀ sábẹ́ àtúnṣe títì, tí wọ́n sì fi sí ọdún iwájú. Èmi gbà pé ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ yẹn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun.

Ohun kejì ni pé ọkọ̀ ojú irin tuntun yìí kì í pariwo bí ti àtijọ́. Ẹni tó bá mọ rélùwéè àtijọ́ tó ń gba Dùgbẹ̀, èyí tó ti dé Ìbàdàn láti 1901, á rántí pé ọkọ̀ á ṣì jìnnà tẹ́ ẹ ó ti máa gbọ́ gbàgà-gbàgà, gbàgà-gbàgà, torí pé irin kéékèèké ni wọ́n so pọ̀, àlàfo wà láàárín wọn, ibẹ̀ ni táyà irin ti ń dún. Ti ìsìnyí, wọ́n ti jó irin pọ̀ mọ́ ara wọn gùdùgbẹ̀, ọkọ̀ kàn ń yọ́ bọ̀ ni. Ọ̀dọ́mọdé tó fi nǹkan sétí, tó ń gbọ́ orin, tó bá jẹ́ fèrè ò dún, kò ní mọ̀. Ojú irin méjì yẹn tún wá ní tiẹ̀. Tí ọkọ̀ kan bá kọjá, gbogbo ẹni tó ti dúró ló máa ń dà gìrọ́gìrọ́ sórí irin lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́, alágbàtà tó gbé bàsíà lérí, kò sẹ́ni tó ń rò ó pé ìkejì lè máa bọ̀ láti òdìkejì, ìrù èyí tó kọjá sì ni kò ní jẹ́ kí wọ́n rí i. Bàbá yẹn ní ohun tó máa ń dá àwọn níjì jù nínú iṣẹ́ yẹn nìyẹn, àwọn á na àsíá pupa síta, wọ́n á máa bú àwọn pé ṣebí ọkọ̀ ti lọ.

Bẹ́ẹ̀ dírẹ́bà ọkọ̀ ojú irin ò lè yà fúnni o. Irin ló ń yí lórí irin, kò ní dúró bíi mọ́tò. Ọkọ̀ ẹrù tó gùn tó bá ń sá nǹkan bíi kìlómítà 90 láàárín wákàtí kan, láti ibi tó ti tẹ búréèkì, ó lè rìn ju kìlómítà kan àtààbọ̀ lọ kó tó dúró. Ìyẹn ni pé nígbà tó bá fojú rí Máíkírà tó kú sórí irin, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, fèrè nìkan ló kù fún un. Gbogbo wa la rántí ti Èkó ní March 9, 2023, láàárọ̀, lọ́nà PWD ní Ìkẹjà, tí ọkọ̀ ojú irin gbá bọ́ọ̀sì tó kó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń lọ síbi iṣẹ́, tó wọ́ ọ lọ, tí ẹ̀mí èèyàn 6 fi lọ sí i. Ojúmọmọ nìyẹn o. Nígbà tí mo ka èyí sétí ìgbìmọ̀ wa, bọ̀dá tó ní ká gbé ariwo mọ́ra àti ìyá ẹlẹ́jẹ̀ ríru, àwọn méjèèjì dákẹ́, lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n wá ń bèèrè pé kí wá la máa ṣe.

Ibẹ̀ ni ohun tí mo ti kà nípa Amẹ́ríkà ti wúlò. Òfin wọn ni pé kí ọkọ̀ ojú irin fọn fèrè fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 20 kó tó dé ibi tí títì ti gba ojú irin, méjì gígùn, kúkurú kan, gígùn kan. Àwọn ará ìlú tiwọn náà pariwo gan-an lórí ẹ̀, láti ọdún 2005 ni wọ́n sì ti ṣí àyè sílẹ̀ nínú òfin pé ìlú lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má fọn ọ́n mọ́ ládùúgbò kan bí kò bá sí ewu lójijì. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ ìlú tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀: géètì tó bo títì láti etí kan dé èkejì ní ìhà méjèèjì tí mọ́tò ò ní lè rápálá gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá, tàbí kí wọ́n ní géètì kí wọ́n sì fi kọnkéré gígùn pín títì sí méjì, tàbí kí wọ́n sọ títì yẹn di wọ́n-wéè tó ní géètì, tàbí kí wọ́n dí ọ̀nà yẹn pátápátá. Wọ́n tún ní èyí tó jẹ́ pé ibi ojú irin gan-an ni wọ́n gbé fèrè sí, lórí òpó, tó kọjú sí títì, ohùn ẹ̀ á lọ bá ẹni tó wà nínú mọ́tò, kò ní tàn ká gbogbo ilé bíi ti fèrè orí ọkọ̀ tó ti ń dún bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Èyí tó kẹ́yìn yẹn wù mí púpọ̀ fún àdúgbò wa, mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ó yé gbogbo wa báyìí pé kò sẹ́ni tó gba ìdákẹ́jẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n kọ́kọ́ fi géètì àti iná rọ́pò fèrè ná.

Mo wá padà sídìí máàpù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ka irú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ mú un dání lọ síbi tí wọ́n yà sínú ẹ̀, ẹ má kà á ní pálọ̀. Lórí tábìlì, bọ́sítọ́ọ̀pù tuntun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún wa dára púpọ̀, wọ́n fi àmì búlúù kékeré sí i, ẹ̀yìn ojú irin lọ́wọ́ ọ̀tún. Nígbà tí mo mú máàpù yẹn dé ojú ibẹ̀ ni mo rí i pé ó ti sún mọ́ ojú irin jù. Ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀: Máíkírà kan dúró já èrò, kọ̀rópe dúró lẹ́yìn ẹ̀, bọ́ọ̀sì Ọmítuntun ti ìjọba ìpínlẹ̀ dé, kò rí ibi wọ̀, ó dúró, àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í tò, kí ẹ tó mọ̀, ìrù sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ yẹn ti dórí irin. Kò sì sẹ́ni tó máa fẹ́ fi àlàfo sílẹ̀ níwájú ara ẹ̀ n'Ìbàdàn wa yìí, ẹlòmíì á ki mọ́tò bọ̀ ọ́. Ọkọ̀ tó wà lórí irin ò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Bọ́sítọ́ọ̀pù tí wọ́n fẹ́ fi ṣe wá lóore ló fẹ́ máa to èèyàn sórí ojú irin yẹn. Ẹni tó yà á ò níkà nínú, orí kọ̀ǹpútà ló ti yà á, kọ̀ǹpútà ò sì mọ bí Máíkírà ṣe ń já èrò.

Nígbà tí wọ́n pè wá síbi ìjíròrò, mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn kalẹ̀. Ẹnjiníà kékeré kan ló wà níbẹ̀, ọmọ tó gbọ́n, ó ní "Mọ́mì, ẹ fi hàn mí." Mo fi hàn án lórí máàpù, mo tún fi fọ́tò tí mo yà nídàájí hàn án, bí mọ́tò ṣe máa ń tò nígbà tí ẹyọ kan bá dúró. Kò bá mi jiyàn. Ó ní òun ò tíì dé ibẹ̀ láàárọ̀ rí, pé ọ̀sán lòun wá, títì sì ṣófo. Mo fẹ́ràn pé ó sọ òtítọ́, ọ̀pọ̀ ìjà tó ń wà láàárín ará àdúgbò àti àwọn oníṣẹ́ ìjọba, àsìkò tí kálukú lọ wo nǹkan ló fà á.

Ìjà tó wá le jù, àárín ara wa níbẹ̀ náà ló ti wá. Ká lè rí ọkọ̀ ojú irin tó bá ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, àwọn ṣọ́ọ̀bù kóńténà àti búkà tó wà lẹ́bàá ojú irin gbọ́dọ̀ sún kúrò. Ibi tí mọ́tò bá ti ń fa ẹsẹ̀ lọjà ti máa ń yá, gbogbo ará Ìbàdàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ti ra nǹkan lẹ́bàá ojú irin àtijọ́ ní Bódìjà ò ní bèèrè ìdí ẹ̀. Ìyá alákàrà wa wà níbẹ̀ kí wọ́n tó parí ojú irin yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi tọ́mọ. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ fẹ́ ká kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kí wọ́n wá fi katakata wó gbogbo ẹ̀. Mo kọ̀ jálẹ̀, mo ní orúkọ mi ò ní sí lábẹ́ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ohun tá a kọ ni pé kí wọ́n ya ibi tí wọ́n máa tajà sí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́sítọ́ọ̀pù tuntun, níbi tó jìnnà sí irin, kí àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kọ́kọ́ rí àyè gbà kí wọ́n tó ní kí wọ́n dìde. Ìyá alákàrà ní tó bá jẹ́ ibi tí èrò ti ń bọ́ọ̀lẹ̀ ni, àwọn máa lọ fúnra wọn, kò sẹ́ni tó máa lé àwọn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ẹsẹ̀ náà, torí pé òun ló dùn mí jù nínú ìwé yẹn. Wọ́n ka mọ́tò, wọ́n ka bọ́ọ̀sì, wọ́n ka ọ̀kadà, kò sí ibì kankan tí wọ́n ti ka ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Mo kó àwọn ọmọ SS2 jáde lọ ṣe ìṣirò lẹ́bàá títì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kíláàsì, a dúró síbi tó jìnnà sí ewu, wọ́n sì rí i fúnra wọn pé láàárọ̀, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn pọ̀ ju gbogbo mọ́tò lọ. Síbẹ̀ gbogbo ohun tí ìwé yẹn fún ẹlẹ́sẹ̀ ò ju afárá gíga kan lọ, níbi tí wọ́n ti fẹ́ fẹ títì. Ṣé ìyá tó gbé garawa ẹ̀wà lérí ló máa gun àkàsọ̀ yẹn? Abẹ́ ẹ̀ ni wọ́n máa gbà. A kọ ọ́ pé kí wọ́n da gọ́tà bò kó ṣeé rìn lórí, kí wọ́n fi síbírà, ìlà funfun tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà sọdá, sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú bọ́ǹpù tó máa dín eré mọ́tò kù, kí afárá wá jẹ́ àfikún.

Ọ̀rọ̀ eré yìí, wọ́n ò fẹ́ gbọ́ ọ rárá, títì tuntun ni kálukú ń fojú sọ́nà fún kó lè máa fò lọ. Kílómítà 50 láàárín wákàtí ni òfin ìrìnnà fi lélẹ̀ fún mọ́tò láàárín ìlú ní Nàìjíríà. WHO ní tí eré gbogbo mọ́tò lójú títì bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i péré, ewu kéèyàn kú nínú ìjàǹbá á fi bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, wọ́n sì ní káàkiri ayé, èèyàn bíi mílíọ̀nù 1.19 ni ìjàǹbá ọkọ̀ ń pa lọ́dún, òun ló ń pa àwọn tó wà láàárín ọdún 5 sí 29 ju àìsàn èyíkéyìí lọ. Èmi tíṣà ni mò ń sọ eléyìí, àárín ọjọ́ orí yẹn ni gbogbo ọmọ tí mò ń kọ́ wà. Nígbà tí wọ́n da ọ̀dà sí títì kan tó wà nítòsí wa láìfi bọ́ǹpù kankan sí i, gbogbo wa la yọ̀, kò pẹ́ tí wọ́n fi gbá ọmọ kan tó ń bọ̀ láti iléèwé. Ọlọ́run yọ ọ́, ẹsẹ̀ ló fi ṣẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti lè gbọ́ kí wọ́n ní ọ̀dà nìkan la fẹ́.

Lẹ́tà tá a kọ gùn, Bàbá Alága ní kí n gé e kúrú, mo gé e, àmọ́ ìtò ẹ̀ ni mi ò jẹ́ kí wọ́n yí padà: ọ̀dà sáàárín irin ná, ẹni tó máa ṣọ́ ibẹ̀ lóru àti iná, géètì tó bo títì tán pẹ̀lú kọnkéré láàárín, kí bọ́sítọ́ọ̀pù sún síwájú kọjá ilé epo, àyè fún àwọn oníṣòwò, ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ǹpù kí wọ́n tó da ọ̀dà sí títì yòókù, lẹ́yìn gbogbo èyí ni ká wá jọ jókòó sọ̀rọ̀ fèrè, bóyá kí wọ́n gbé e sórí òpó lóru. Ìyá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló kọ́kọ́ buwọ́ lù ú, wọ́n ní àwọn ṣì ń gbọ́ ọ o, kò sì dùn mọ́ àwọn, àmọ́ ọmọ àwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ ń gba ibẹ̀ wálé lálẹ́.

Wọ́n ti sún bọ́sítọ́ọ̀pù yẹn nínú máàpù tuntun, mo fojú mi rí i. Wọ́n ti da ọ̀dà sáàárín irin náà, Máíkírà ń kọjá láìha abẹ́. Ti ẹni tó máa ṣọ́ ibẹ̀ lóru ni wọn ò tíì dá wa lóhùn lé lórí, wọ́n ní ó wà lọ́wọ́ àwọn mìíràn, kì í ṣe àwọn. A ti kọ lẹ́tà kejì sí àwọn mìíràn ọ̀hún, Bàbá Alága máa buwọ́ lù ú ní Sátidé, èmi àti bọ̀dá tó ní ká gbé ariwo mọ́ra lọ́jọ́sí la jọ máa gbé e lọ ní Mọ́ńdè.